Àpótí Méjì Lẹ́bàá Ibùdó Ọkọ̀ Ojú Irin

Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, èjìká ni a fi jẹun kí a tó mọ̀ bí a ti ń di gègé mú. Lẹ́bàá títì ńlá tó ti Kútọnu wá sí Parakou, níbi tí àwọn ará Tchaourou ń to àpò èédú àti òkìtì iṣu sí, ni a ti ń gbé ẹrù sórí kámíọ̀. Bí kámíọ̀ bá ti dúró, a ó sáré. Ẹnìkan a gun orí ẹrù, ẹni méjì a dúró lórí pákó, àwọn yòókù a máa gbé àpò láti ilẹ̀. Àpò èédú kò wúwo tó àpò àgbàdo, ṣùgbọ́n ó máa ń gún ènìyàn lẹ́yìn, eruku rẹ̀ a sì máa wọ imú títí itọ́ ẹni yóò fi dúdú. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ náà rí mọ̀ pé ọṣẹ kan kò tó wẹ̀ ní alẹ́. Àwọn ìyá wa a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn kò mọ ọmọ ta ló wọlé, àfi bí ó bá rẹ́rìn-ín.

Mẹ́tàlélógún ni wá. A ní ẹgbẹ́ kan, a ní ìwé kan tí orúkọ wa wà nínú rẹ̀, a sì ní àpótí onígi kan tí ó ní kọ́kọ́rọ́ méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ alága, ọ̀kan lọ́wọ́ akápò. Fáráǹkì 75 ni a ń gbà lórí àpò kan. Nínú rẹ̀, fáráǹkì 5 ń lọ sínú àpótí. Bí ara ẹnìkan kò bá yá, àpótí a ra oògùn. Bí ẹnìkan bá ṣòfò, àpótí a ra aṣọ òkú. A kò mọ̀ pé ohun tí àwọn ará Kútọnu ń pè ní sẹ̀ńdíkà ni a ń ṣe. Lójú tiwa, àjọ lásán ni, bí èyí tí àwọn ìyá wa ń dá lọ́jà.

Ohun tó fọ́ wa kò tó nǹkan. Ní ọdún kan tí òjò pẹ́ kó tó rọ̀, akápò ṣí àpótí níwájú gbogbo wa, owó tó yẹ kó wà níbẹ̀ sì dín ní fáráǹkì 18 000. Ó ní òun fi yá ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ìyàwó rẹ̀ bímọ nílé ìwòsàn. Ọmọ ẹgbẹ́ náà dìde, ó ní òótọ́ ni. Bí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán, ibẹ̀ ló yẹ kó ti tán. Ṣùgbọ́n ẹnìkan bèèrè pé kí ló dé tí akápò kò kọ́kọ́ wí fún ẹgbẹ́. Ẹlòmíràn dáhùn pé nítorí àwọn méjèèjì jọ ń gbé apá ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti ń ka ẹni tó jẹ́ ará ibùdó àti ẹni tó jẹ́ ará ọjà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, a ti ń ka ẹni tí baba rẹ̀ jẹ́ Nàgó, ẹni tí baba rẹ̀ jẹ́ Ìbàrìbá, àti ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ ti òkè Atacora wá dá oko sí ilẹ̀ wa. Ojú ń tì wá láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ti rí nìyẹn.

Àwa mẹ́wàá kó jáde. A ra ìwé tiwa, a ra àpótí irin kékeré kan lọ́jà, a sì yan alága, igbá-kejì alága, akọ̀wé, igbá-kejì akọ̀wé, akápò àti alámòójútó akápò. Nínú ènìyàn mẹ́wàá, mẹ́fà ló ní oyè.

Oníkámíọ̀ kan tó máa ń ti gúúsù wá kó èédú ni ó kọ́kọ́ rí i pé àpótí ti di méjì. Kò pariwo. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kí wa dáadáa, ó bèèrè àlàáfíà àwọn òbí wa. Lẹ́yìn náà ó ní, «Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn tọ̀hún ní àwọn yóò gbé e ní 65 o.» A ní àwa yóò gbé e ní 60. Ó dúpẹ́, ó rọra rìn lọ sọ́dọ̀ wọn. Ìgbà tó padà, ó ti di 55. Ǹjẹ́ àwọn tọ̀hún dá iye yẹn lóòótọ́? A kò lè bi wọ́n, nítorí a kì í kí ara wa mọ́. Kí oṣù méjì tó pé, 40 ni gbogbo oníkámíọ̀ ń san. Iye tí wọ́n ń ra èédú lọ́wọ́ àwọn ìyá tó sun ún kò fi ọ̀kan pè méjì, a sì gbọ́ pé iye tí wọ́n ń tà á ní Kútọnu kò wá sílẹ̀. Láti èjìká wa nìkan ni owó náà ti jáde.

Nítorí pé owó ti kéré, a ní láti yára. Nítorí pé a ní láti yára, a kò fi pákó gun kámíọ̀ mọ́, a ń ju àpò sókè láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kámíọ̀ méjì dé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tàlélógún àkọ́kọ́ yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ láti orí ẹrù, àpò mẹ́rin sì tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ṣẹ́ ní ibi méjì. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ó ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ yẹn ni ó ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn tọ̀hún wá sọ́dọ̀ wa, nítorí pé àwa ni a ní iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ náà. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá bèèrè owó àpótí, àwọn tọ̀hún ní ó ti fi ẹgbẹ́ àwọn sílẹ̀. Àwa náà ní kò tíì san owó ìwọlé. Akọ̀wé wa ṣí ìwé, ó fi hàn ìyá náà pé orúkọ ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìyá náà kò mọ̀wé. Ó wo ìwé náà fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni tó ń kà á, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó sì lọ.

Ẹsẹ̀ náà kò tò dáadáa. Ọ̀pá ni ó fi ń rìn títí di òní.

Lẹ́yìn èyí ni a bẹ̀rẹ̀ sí jókòó lọ́dọ̀ Bàbá kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á, ẹ mọ ibùdó náà: ojú irin wà níbẹ̀, koríko ti bò ó. Láàárín Kútọnu àti Parakou, kìlómítà 438 ni ọ̀nà yẹn, 1936 ló sì dé Parakou. Baba tó bí Bàbá yìí ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dàhòmì. A kò lọ síbẹ̀ láti gba ìmọ̀ràn. Ìtìjú ló mú wa máa wá ibòmíràn jókòó sí. Bàbá ni ó bi wá pé, «Ṣé ẹ̀yin ni ẹ ní àpótí méjì?» Ó sì rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn baba tàwọn náà rí bẹ́ẹ̀.

Ìtàn tó sọ ni ti ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1947 ni ó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí òṣìṣẹ́ dúdú àti òṣìṣẹ́ funfun wà lábẹ́ ìlànà owó oṣù kan náà. Ní Dakar, ní Thiès, ní Bamako, ní Conakry, ní Abidjan àti níhìn-ín lórí ọ̀nà Bénin-Niger, ọkọ̀ dúró. Bàbá ní inú oko ni baba òun lọ ní gbogbo oṣù náà, iṣu ni wọ́n ń jẹ, ọ̀pọ̀ aya òṣìṣẹ́ ló sì ta aṣọ ìgbéyàwó wọn. A lọ wádìí ìyókù fúnra wa. Ibrahima Sarr, ọ̀dọ́ akọ̀wé ará Thiès, ni ó ṣíwájú wọn. Kí ó tó dé ipò yẹn, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ní láti gba àkóso kúrò lọ́wọ́ François Gning ní 1946, nítorí wọ́n ní ìwà rẹ̀ sí ìjọba ti rọ̀ jù. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì wá le, àwọn ará Abidjan padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kìíní 1948. Àwọn ará Dakar-Niger kò padà títí di ọjọ́ 19 oṣù kẹta. Ìwé ìtàn àròsọ tí Sembène Ousmane kọ lórí rẹ̀, tó jáde ní 1960, wà ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa. Àwọn kan nínú wa ti kà á fún ìdánwò láìmọ̀ pé ó kan ojú irin tó wà lẹ́yìn ilé wọn.

Ọ̀kan nínú wa tó ti wọ Yunifásítì Parakou nígbà náà ni ó mú ìtàn kejì wá, ti àwọn awakùsà Enugu ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ èédú ni ó kọ́kọ́ mú wa tẹ́tí. A rò pé èédú gbogbo ni a fi igi sun. Ó ṣàlàyé pé irú èyí wà nínú àpáta, pé igi àti ewé ayé àtijọ́ ni ó rì mọ́lẹ̀ tó sì di òkúta, àti pé wọ́n ní láti wọ inú òkè lọ bá a.

Ní 1909 ni òyìnbó onímọ̀ ilẹ̀ rí èédú nínú àwọn òkè Udi. Ní 1915 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wà á, ọdún tó tẹ̀ lé e ojú irin ti so ibẹ̀ mọ́ Port Harcourt létí òkun. Ìlú tó hù yí àwọn ihò náà ká ni Enugu, orúkọ tó túmọ̀ sí orí òkè ní èdè Ígbò. Èédú yẹn ni ọkọ̀ ojú irin Nàìjíríà ń jẹ. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó sì ni ihò náà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá bá ọ̀gá rẹ̀ jà níbẹ̀, ìjọba ló bá jà.

Ẹ fojú inú wo iṣẹ́ náà. Nínú òkùnkùn, pẹ̀lú fìtílà, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ògiri èédú, ó ń fi dígà gé e. Òun ni iṣẹ́ gbogbo wọn dúró lé. Ẹlòmíràn ń ti ọpọ́n onírin tó kún fún èédú lórí irin kékeré lọ sí ẹnu ihò. Àwọn kan ń fi igi ti òrùlé ihò kí ó má bàa wó. Lókè, níbi tí oòrùn wà, akọ̀wé ń kọ iye iṣẹ́ tó jáde, alágbẹ̀dẹ àti káfíńtà ń tún irinṣẹ́ ṣe. Láàárín wọn ni àwọn ọ̀gá kéékèèké wà, tí púpọ̀ nínú wọn ń gba rìbá lọ́wọ́ ẹni tó bá ń fẹ́ ibi tó sàn láti ṣiṣẹ́. Awakùsà kì í sábà mọ̀wé. Akọ̀wé kì í sábà wọ ihò. Ọ̀kan ń sọ pé òun ni òun ń gbé ìwúwo, èkejì ń sọ pé òun ni òun mọ bí a ti ń bá òyìnbó sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí òfin ọdún 1938 fi àyè gba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ kan kọ́ ni àwọn ará ibẹ̀ dá. Méjì ni: ọ̀kan fún àwọn ará ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ọ̀kan fún àwọn ará òkè. Nígbà tí a gbọ́ ibẹ̀ yẹn, a wo ara wa lójú. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ará ibùdó àti ará ọjà ni gbogbo wa ń rò.

Isaiah Okwudili Ojiyi, tó ti ṣe olùkọ́ rí, ni akọ̀wé tí àwọn ará ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé. Nígbà ogun àgbáyé kejì ni ó so ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Kò rọrùn, nítorí ẹgbẹ́ tó bá so pọ̀ kì í dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Àwọn akọ̀wé kan kò fẹ́ kí ẹni tí awakùsà yàn máa ṣe olórí àwọn. Àwọn ọ̀gá kéékèèké mọ̀ pé rìbá àwọn yóò dáwọ́ dúró. Ìjọba pẹ̀lú kò fẹ́ ẹ. Fún ìgbà kan, ó ní òun kò mọ ẹgbẹ́ náà rí mọ́, ó sì ṣètò àwọn aṣojú mìíràn tí òun yóò máa bá sọ̀rọ̀. Ojiyi kì í ṣe ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń rọ̀, àwọn kan sì ní ó ń ṣe bí ọba. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, a ti mọ alága tó ń ṣe bí ọba lórí ènìyàn mẹ́wàá, nítorí náà a kò lè sọ pé irọ́ ni.

Ní oṣù kọkànlá 1949, àwọn awakùsà ní ìjọba jẹ àwọn ní owó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fa iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ìjọba lé àwọn kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn yòókù kò kúrò nínú ihò, nítorí wọ́n bẹ̀rù pé bí àwọn bá jáde, ìjọba yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn. Nínú àwọn ihò náà ni ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta wà, ìjọba sì ń bẹ̀rù pé kí àwọn olóṣèlú tó ń bá a jà má lọ gbé e. Ní ọjọ́ 18, àwọn ọlọ́pàá wá kó ẹ̀tù náà ní àfonífojì Iva. Àwọn awakùsà péjọ níbẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń jẹ́ Philip pàṣẹ pé kí wọ́n yìnbọn. Ènìyàn 21 kú, ènìyàn 51 farapa.

Kí ìbọn tó ró, ní ọdún yẹn kan náà, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ti fọ́ sí méjì, nítorí àríyànjiyàn lórí bóyá ó yẹ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ so mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Nnamdi Azikiwe. Michael Imoudu, akọni àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin, wà ní apá kan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ wà ní apá kejì. Lẹ́yìn Iva, àwọn olóṣèlú tí kì í bá ara wọn jẹun jókòó pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ kan. Ní oṣù karùn-ún 1950, apá méjèèjì àwọn òṣìṣẹ́ náà tún so pọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi fọ́. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lábẹ́ adájọ́ Fitzgerald ní Philip ṣe àṣìṣe nínú ìdájọ́ rẹ̀, ó sì dá Ojiyi pẹ̀lú lẹ́bi. A ṣì ń jiyàn lórí èyí láàárín ara wa. Ẹni tó ní kí wọ́n yìnbọn, àṣìṣe ni wọ́n pe tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n yìnbọn pa àwọn ènìyàn rẹ̀, òun náà jẹ̀bi.

Ẹni tó wà ní yunifásítì náà kò dákẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ó sọ fún wa nípa Illinois ní Amẹ́ríkà. Ní 1932, John L. Lewis, olórí ẹgbẹ́ ńlá àwọn awakùsà, fọwọ́ sí àdéhùn tó mú owó ọjọ́ kan sọ̀ kalẹ̀ láti dọ́là 6.10 sí dọ́là 5. Àwọn awakùsà dìbò, ṣùgbọ́n wọ́n jí ìwé ìkàbò náà gbé lójú títì ní Springfield kí wọ́n tó kà á tán. Lewis ní ọ̀rọ̀ ti di ti pàjáwìrì, ó fọwọ́ sí i. Àwọn tó bínú dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ìlú Gillespie, ẹgbẹ́ méjèèjì sì bá ara wọn jà fún ọdún púpọ̀, tìbọn tìbọn, nínú àwọn ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn. Ibí yìí ni a ti gbọ́ ohun tó yí èrò wa padà díẹ̀. Ǹjẹ́ ó yẹ kí àwọn tó bínú dúró sínú ẹgbẹ́ tó ta wọ́n? Akọ̀wé wa ní rárá. Àwọn mìíràn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà kò tán ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Nottingham ya kúrò lára àwọn yòókù lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1926, George Spencer bá àwọn onílé-iṣẹ́ ṣàdéhùn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ìyanṣẹ́lódì, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí kò padà sílé títí di 1937. Nínú ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1984 sí 1985, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ń ṣiṣẹ́ lọ, wọ́n ní olórí ẹgbẹ́ kò bèèrè ìbò lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n tún dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Àwọn kan rò pé ìjọba yóò rántí oore náà. Ihò Thoresby, èyí tó kẹ́yìn ní àgbègbè wọn, pa ilẹ̀kùn dé ní 2015, ní ọdún kan náà pẹ̀lú èyí tó kẹ́yìn ní Yorkshire, níbi tí àwọn alágídí wà.

Àwọn tó ń ka apá Faransé ìwé ìròyìn yìí yóò mọ ti ilẹ̀ Faransé dáadáa. Ní òpin 1947 ni CGT ti fọ́, tí Force Ouvrière jáde nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn awakùsà èédú yanṣẹ́lódì ní oṣù kẹwàá 1948, ẹgbẹ́ kan ń pè wọ́n jáde, òmíràn ń ní kí wọ́n padà, Jules Moch tó jẹ́ mínísítà sì rán ológun sí wọn. Ìyapa náà kò dúró sí òkè òkun. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa. Ní Dàhòmì pẹ̀lú, ẹni tó bá jẹ́ ti CGT kì í fẹ́ràn ẹni tó jẹ́ ti CFTC, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì lè máa jẹ iṣu láti ebè kan náà. Ní oṣù kìíní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ Áfíríkà péjọ ní Kútọnu wa yìí, wọ́n sì dá UGTAN sílẹ̀, pẹ̀lú Sékou Touré láàárín àwọn aṣíwájú, láti já okùn ìyapa àwọn ará Paris yẹn. Àwọn onígbàgbọ́ ti CATC kò bá wọn wọlé.

A fẹ́ràn ìtàn Kútọnu yẹn, àwọn kan nínú wa sì ti fẹ́ parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀ pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló dára. Bàbá ni ó dá wa dúró. Ó ní àwa kò bá ayé Kérékou. Ní 1974, ìjọba kó gbogbo ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pọ̀ sínú UNSTB. Àpótí di ẹyọ kan, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo. Nígbà tí owó oṣù kò wọlé mọ́ ní 1989, àwọn olùkọ́ yunifásítì ní láti yọ ẹgbẹ́ tiwọn kúrò nínú rẹ̀ kí ohùn wọn tó jáde. Lẹ́yìn àpérò gbogbogbòò oṣù kejì 1990, àpapọ̀ ẹgbẹ́ di púpọ̀: CGTB, CSA, CSTB, àti àwọn mìíràn. Bàbá ní òun kò mọ èyí tó sàn. Ó kàn ní nígbà tí ó jẹ́ ọ̀kan, òun kò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tó di púpọ̀, òun ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ni kò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà lọ́kàn wa nígbà tí a pinnu láti bá àwọn tọ̀hún sọ̀rọ̀. A kò ní kí wọ́n pa àpótí wọn rẹ́. Nǹkan kan ṣoṣo ni a béèrè: kí kámíọ̀ kankan má ṣe gbọ́ iye kan láti ẹnu wọn kí ó tún gbọ́ iye mìíràn láti ẹnu wa. Alága wọn ní kí a fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbà, abẹ́ igi tó wà lẹ́bàá ibùdó ni a jókòó sí, àwọn lápá kan, àwa lápá kejì, àpótí onígi àti àpótí irin láàárín. A dá a sí 70. A fẹ́ kó padà sí 75, ṣùgbọ́n àwọn kan bẹ̀rù pé àwọn oníkámíọ̀ yóò lọ máa kó ẹrù ní Tchatchou tàbí ní Kilibo. Títí di ìsinsìnyí, 70 náà ni.

Lẹ́yìn èyí ni a rán ènìyàn lọ pe ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Káàdì fóònù ni ó ń tà nígbà náà, lábẹ́ agbòòrùn kan lójú títì. Ó pẹ́ kó tó dé, nítorí ọ̀pá. A ṣí àpótí méjèèjì níwájú rẹ̀. Fáráǹkì 31 500 wà nínú tiwọn, 12 000 ó lé díẹ̀ wà nínú tiwa. A ní tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìwé wá, ìwé méjèèjì. Akọ̀wé wọn gbé tiwọn fún un, ó wá ojú ewé tí wọ́n ti fi igi pa orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé wa gbé tiwa fún un, ó wo àwọn ìlà mẹ́wàá. Ó bèèrè gègé. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà kọkànlá, ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé wọn pẹ̀lú, ó kọ ọjọ́ tó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì ní kí ẹnìkan bá òun lọ pe ìyá òun wá.